Ẹgbàá Mẹ́rìndínlógún Lé Irínwó

Aago kan òru ti kọjá ní Òkè-Àdó.
Mojíròlá tún pè láti Kánádà:
"Ó ṣì ń yí, Ládépò. Ó kàn ń yí bí òòyì."
Mo jókòó síwájú àpótí dúdú
tí mo kó kásẹ́ẹ̀tì Bàbá sí nínú,
mẹ́tàlélọ́gọ́rin, oṣù méje gbáko,
mo ń fi òwú nu eruku wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nínú yàrá, ó ń ṣiṣẹ́.
Ní ilé ìdáná, ó ń ṣiṣẹ́,
ohùn Bàbá ń jáde lára fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò.
Ṣùgbọ́n kí n pa Wáífáì báyìí,
kí n ṣe bí àlejò tó ti ojú títì wọlé,
ẹnu géètì ni wọ́n ti ń dá mi padà.

Mo wá wo nọ́ńbà tí ráútà mi ń jẹ́ níta:
igba ó dín mẹ́jọ, méjìdínláàádọ́sàn-án…
Háà.
Èyí kì í ṣe orúkọ òde.
Orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ nínú ilé nìyí,
ará àdúgbò kò gbọ́ ọ rí.
Ta ló wá ń dáhùn fún wa níta?

Mo fi tọ́ọ̀ṣì tọ wáyà lọ.
Ó gba abẹ́ fèrèsé, ó gba ẹ̀gbẹ́ táǹkì omi,
ó sọ̀ kalẹ̀ wọ pálọ̀ Àlàájà Múníráátù, onílé.
Ráútà mìíràn ló wà níbẹ̀, lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n,
wọ́n da aṣọ funfun bò ó bí ọmọ tuntun.

Mẹ́gáàdì méjì, ilé kan.
Mo ti kọ́ ti òkè dáadáa:
ẹni tó bá béèrè ẹgbàá mẹ́rìndínlógún lé irínwó,
mú un wá bá mi. Ó gbọ́.
Ti ìsàlẹ̀ ni kò mọ̀ pé mo wà.
Mojíròlá á kanlẹ̀kùn, á ní òun ń wá bàbá òun;
òun náà á ní, "Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí,"
kò sì purọ́.

Ilẹ̀ mọ́, mo dọ̀bálẹ̀ fún Àlàájà.
"Ẹ jọ̀ọ́ mà, páásíwọ́ọ̀dù ráútà yín ni."
Ó wò mí bí ẹni tó tọrọ kọ́kọ́rọ́ àpótí aṣọ.
Lẹ́yìn náà ló yọ kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta:
orúkọ ọkọ rẹ̀, àti ọdún tí wọ́n kan òrùlé ilé yìí.
Ó ń pè é fún mi, mo ń tẹ̀ ẹ́.
Ó sinmi díẹ̀ láàárín orúkọ náà.

Ó ṣí fún wákàtí mẹ́rin.
Ọ̀sán, iná lọ. Mọ́létè ní iná, àwa kò ní.
Nígbà tí iná dé, ọ̀nà ti dí:
ráútà Àlàájà ti fún tèmi ní nọ́ńbà mìíràn,
bí onílé tó pààrọ̀ yàrá ayálégbé láìsọ fún un.
Mo tún sọ̀ kalẹ̀, mo tún dọ̀bálẹ̀,
mo wá fi ìṣó kan nọ́ńbà náà mọ́ ibi tó wà.

Ní alẹ́, Mojíròlá pè. Kò sọ̀rọ̀.
Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀, mo sì ń gbọ́ òjò.
"Ládépò, ṣé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín ni?"
Rárá. Inú kásẹ́ẹ̀tì ló ti ń rọ̀,
lórí páànù tí a ti yọ dànù tipẹ́,
Bàbá sì ń pariwo lẹ́yìn kámẹ́rà:
"Mojí! Wo ibí, wo ojú mi!"
Ó ní, "Mo ń wò ó, sà."

Mo gbọ́ sálúbàtà lórí àtẹ̀gùn.
Àlàájà ni, pẹ̀lú lọ́lọ́ọ̀nù dúdú kan,
kásẹ́ẹ̀tì méjì nínú rẹ̀, ìwé ọwọ́ ọkùnrin lára wọn.
Kò jókòó.
"Ẹ̀rọ tó ń ka irú èyí," ni ó wí,
"ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ?"