Lẹ́tà sí Ọ̀gá Tó Ń Yẹ Ìwé Wò

Ọ̀gá Melkianus, ìwé tí ẹ ní kí n tò ti ń parí o.
Ojú ìwé mọ́kànlélógójì ló wà nílẹ̀,
ìyókù ṣì ń ta pàrà nínú orí mi
bí àgbàdo nínú ìkòkò gbígbóná.

Ẹ ní kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ rọrùn. Ó rọrùn.
Ẹ ní kí ìtàn kọ̀ọ̀kan má ju irínwó ọ̀rọ̀ lọ.
Ìka ni mo fi kà wọ́n lóru, nígbà tí iná ti lọ,
tí ọkọ̀ tó máa lọ sí Adonara ń wúkọ́ bí arúgbó létí òkun.

Ṣé ẹ rántí ìwé àtijọ́, èyí tó ní yìnyín lẹ́yìn?
Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ́ wọn ní yìnyín.
Ọmọkùnrin kan wọ ìbọ̀wọ́, ó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin.
Kíláàsì pa lọ́lọ́. Òógùn ń bọ́ lójú gbogbo wa.
Boli nawọ́ sókè: “Ìyá Olùkọ́,
ṣé yìnyín máa ń dún bó bá ń já bọ́?”
Èmi náà ò rí i rí.
Mo ní ó ń dún.
Mo parọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ, ojú ṣì ń tì mí.

Ìyẹn ló gbé mi dé ìsàlẹ̀ òkè Mandiri,
ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin tó ń fi òkúta tẹ àgbàdo.
Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń bù ú kúrò lórí iná,
òkúta nísàlẹ̀, òkúta lókè, pẹẹ́!
hóró á di pẹlẹbẹ.
Mo bi Ìyá Petronela bó ṣe ń mọ àsìkò tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́.
Ó ní, “Bó bá tutù, á fọ́. Bó bá gbóná jù, á jó ọ.”
Kò fi nǹkan kan kún un.
Mo sáré wálé lọ tún ìtàn kejì kọ.

Ìtàn kẹrin ló dá wàhálà sílẹ̀.
Obìnrin kan ń tan àtùpà sójú fèrèsé lálaalẹ́,
ọkọ rẹ̀ ti bá ọkọ̀ lọ sí oko ọ̀pẹ ní Sabah.
Ó tàn án, ó jókòó, ó dúró:
ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rìnlá fún ohun tó ti kọjá,
gẹ́gẹ́ bí ìwé ìlànà yín ṣe wí.
Ìbéèrè karùn-ún: Kí ló dé tó fi ń tan àtùpà?
A, nítorí ilẹ̀ ti ṣú.
B, nítorí ẹ̀rù ń bà á.
C, kí ọkọ rẹ̀ lè rí ilé.
D, nítorí kò rí oorun sùn.
C ni. Mo ti kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé.

Kewa, tí kò tíì fojú kan bàbá rẹ̀
láti ìgbà tó ti wà ní kíláàsì kejì,
kò mú ọ̀kankan.
Ó fi bíírò kọ E tirẹ̀ sísàlẹ̀.
Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wọ́, kò ní àmì,
ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ ò mọ àná yàtọ̀ sí òní:
“Ó ń tàn án kí àwọn ará àdúgbò lè rí i
pé òun ṣì ń tàn án.”

Mo mú bíírò pupa. Mo gbé e sílẹ̀.
Ọwọ́ màmá rẹ̀ ni mo ti ra ẹja láàárọ̀ ọjọ́ yẹn,
ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó tún fi ọ̀kan ṣe èènì.

Ọ̀gá, gbogbo ìdáhùn ló wà lẹ́yìn ìwé bí ẹ ṣe fẹ́,
àfi ti ìtàn kẹrin, ìbéèrè karùn-ún.
Mo fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe àṣìṣe ìtẹ̀wé.
Bí ẹ bá fẹ́ dí i, ẹ wá dí i níbí, lójú Kewa.

Yíǹkì ẹ̀rọ wa ti ń tán lọ.
Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi dúdú méjì ránṣẹ́.
Boli sì ní kí n bi yín, nígbà tí ẹ lọ sílùú òkèèrè,
ṣé ó dún?