Ọ̀la Verlin Pruitt

Oṣù Kẹsàn-án ni Verlin Pruitt fi òòlù wọlé wa,
ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré, màmá, ẹ ó máa dáná nínú ilé ìdáná tuntun.
Arvid kọ sọ́wẹ́dowó. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ni,
ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nídìí ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi,
ó bu ìdajì rẹ̀ fún ọkùnrin náà
bí ẹni bu omi fún àlejò.

Wọ́n fọ́ ògiri lọ́jọ́ Ajé, wọ́n tú ilẹ̀ onípákó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.
Lọ́jọ́rú, wọn ò wá.
Wọ́n ní igi àjà ti jẹrà.
Wọ́n ní alábẹ̀wò ìjọba ìlú kò tíì fọwọ́ sí i.
Fèrèsé tí wọ́n gbé dé fi ìka mẹ́rin ju ihò rẹ̀ lọ,
wọ́n dá a padà, wọ́n fi ọ̀rá dí ojú ihò.
Ní Dúlúùtù, létí adágún ńlá, ọ̀rá kì í ṣe ògiri.
Lóru ó ń mí. Ó ń wú, ó ń sọ̀,
mo dùbúlẹ̀, mò ń gbọ́ ọ, àfi bíi pé ikọ́ fée ń ṣe ilé náà.

Mo pè é. Ó ní ọ̀la.
Mo tún pè é. Ọ̀la ni, màmá.
Ọ̀la Verlin, ọ̀la tí kò ní ọlá nínú,
ọ̀la tó jẹ ọlà wa tán
tó ṣì yanu sílẹ̀.
Àmì tíńtín kan ló wà láàrin kọ́lékọ́lé àti kólékólé,
èyí tó ń kọ́ àti èyí tó ń kó;
abẹ́ lẹ́tà ló ń gbé.
Nínú Oṣù Kọkànlá, mo wá àmì náà títí, n kò rí i.

Fíríìjì wà ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Arvid.
Inú ọpọ́n ìwẹ̀ ni mo ti ń fọ abọ́, lórí eékún,
bí ẹni ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìkòkò.
Eruku wà nínú ṣúgà, ó wà nínú irùngbọ̀n Arvid,
ó wà nínú ọ̀rọ̀ tí à ń bá ara wa sọ.
"Ta ló ní ká tún un ṣe?"
"Marit, ta ló fọwọ́ sí ìwé?"
Ogójì ọdún, a ò jà lórí obìnrin, a ò jà lórí ọtí,
orí kọ́bọ́ọ̀dù la wá ń jà sí.

Alẹ́ ọjọ́ kan tí yìnyín ń bọ́ ni mo rántí férémù ilẹ̀kùn àtijọ́,
níbi tí a ti ń fi pẹ́ńsù fa ìlà gíga Tove,
láti ọmọ ọdún méjì títí dé mọ́kànlá.
Lẹ́yìn ìyẹn, a ò fa ìlà mọ́.
Wọ́n ti jù ú sínú àpótí irin níwájú ilé.
Mo wọ bàtà Arvid, mo gun àpótí náà,
ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu,
mò ń ṣí pákó nídìí, mò ń fi èdè ìyá mi àgbà
tí mo rò pé mo ti gbàgbé bú Verlin nínú ọkàn mi.
Nígbà tí mo máa bojú wolẹ̀, Arvid ló dúró nínú yìnyín.
Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó na ọwọ́.
A jọ gbé e wọlé bí ẹni gbé aláìsàn.

Verlin yọjú lọ́jọ́ Ẹtì, ó fi báńdéèjì di ọwọ́.
Mo ti to èébú sílẹ̀ bí igi ìdáná.
Ó rí pákó náà. Ó kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè,
ó dúró níbi tí ìlà dúró.
Ó ní, "Èmi ni mo jù ú nù."
N kò sọ pé kò burú. Ó burú.
Mo bu kọfí fún un, teruku-teruku.

Oṣù Kẹta la wà báyìí. Fèrèsé ti dúró.
Kọ́bọ́ọ̀dù kan ò tíì ní ilẹ̀kùn,
bí o bá ṣí ẹ̀rọ omi gbígbóná, tútù ni yóò yọ;
ó ní òun á tún un ṣe lọ́la.
Férémù ti padà sípò rẹ̀, ó tẹ̀ díẹ̀ sọ́tùn-ún.
Bí òṣùwọ̀n Verlin bá ní kò gún,
ẹ sọ fún òṣùwọ̀n náà kó máa lọ sílé.