Òrùka Tíì

Òjò ò tíì dá ní Rize láti àná.
Òkun Dúdú ń mí bí ẹni tó sùn fọnfọn.
Mo kírun àsùbáà tán, orúnkún mi ń ké,
mo ká ẹní ìkírun, n ò ká àdúrà.

Ìkòkò tíì méjì gun ara wọn lórí iná,
ti ìsàlẹ̀ ń ráhùn, ti òkè ń gbọ́.
"A kì í kán tíì lójú," Sabri ọkọ mi a máa wí bẹ́ẹ̀,
ọkùnrin tí kì í dúró kó tutù rárá,
tó ń fi ahọ́n jíjó kí gbogbo àdúgbò.

Mo bu tèmi sínú ife tó fún níbàdí bí agbọ́n.
Níbí, wọ́n ní tíì tó dára a máa pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ ehoro.
N ò pa ehoro rí. Mo gbà wọ́n gbọ́.
Mo fi ṣúgà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́,
mo gbé ìwé lé itan.

Ọwọ́ Gülten ni mo ti yá a ní ilé ìkàwé,
Gülten tó ń wo ojú ẹni kó tó na ọwọ́ sí pẹpẹ,
bí apòògùn tó ń wo ahọ́n aláìsàn.
Ìtàn ọkùnrin kan ni, tó ń ṣọ́ iná létí òkun
kí ọkọ̀ má baà forí sọ àpáta.
Ní ojú ìwé kẹtàdínláàádọ́rin, mo bá òrùka kan.
Ìdí ife ló tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀,
kò sì pé; ó já níbì kan
bí òṣùpá tí ẹnì kan bù jẹ díẹ̀.

Inú kọ́kọ́ bí mi. Ọ̀bùn wo nìyí?
Ìwé ìjọba!
Lẹ́yìn náà, ojú tì mí.
Bóyá wọ́n kan ilẹ̀kùn.
Bóyá fóònù ló dún lóru,
irú ìpè tí a kì í jókòó dáhùn.

Ni mo bá fi oní-ife sínú àdúrà.
Kì í ṣe àdúrà ńlá. Bí tẹ̀súbáà bá ti parí,
n óò ní: Ọlọ́run, àti oní-ife yẹn,
ibi yòówù kó wà,
jẹ́ kí ohun tó gbé e dìde nídìí ìwé ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn.
Ọjọ́ mọ́kànlá.

Lónìí, mo padà ṣí ojú ìwé náà,
bí ẹni tó yà kí ará ilé.
Ológbò fò lu fèrèsé. Mo ta gìrì,
mo gbé ife sílẹ̀ láìwò.
Nígbà tí mo gbé e, òrùka ti di méjì,
tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtijọ́,
ó já níbì kan náà.

Mo dojú ife dé.
Eyín kan ti ká nídìí rẹ̀
láti ọjọ́ tí Sabri jù ú sínú abọ́ ìfọwó.

Ọdún mẹ́sàn-án. Òjò báyìí náà.
Ọsibítù ló pè.
Ta ló dá ìwé padà? Ta ló fọ ife?
Gbogbo ohun tí mo kà nígbà náà
yọ̀ kúrò lára mi bí òjò lórí ewé tíì.

Èmi ni oní-ife.
Mo ń tọrọ fún àlejò,
Ọlọ́run mọ̀, Ó dákẹ́,
bóyá Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ǹjẹ́ ó ti rọ̀ mí lọ́rùn?
Mo yẹ ara mi wò bí ẹni ń wá owó lápò.
Ó ti rọ̀. Láwọn ibì kan.

Lọ́la, n óò jẹ́wọ́ òrùka kejì fún Gülten,
yóò bá mi wí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.
N ò ní yọ oní-ife kúrò nínú àdúrà.
Tíì ti tutù. Mo mu ún bẹ́ẹ̀.
Ọkùnrin yẹn ṣì ń gun àkàbà, iná lọ́wọ́ rẹ̀,
lọ́tẹ̀ yìí, n óò mọ̀ bóyá ọkọ̀ náà gúnlẹ̀.