Yàrá Kẹtàdínlógún

Aago méje ààbọ̀ kì í lù kí á má bá a lórí àga.
Ní Òkè-Mósàn, yàrá kẹtàdínlógún,
níbi fèrèsé tí kò ṣeé tì dáadáa mọ́ látìgbà tí ìjì kan ti bà á jẹ́,
ni Ṣóètán Akínọlá jókòó sí fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n
pẹ̀lú fúláásìkì tíì, rúlà onígi,
àti báírò méjì: búlúù fún iṣẹ́, dúdú fún orúkọ ara rẹ̀.
Èmi ni mo máa ń gbé fáìlì wọlé.
Èmi náà ni mo máa ń gbé e jáde,
bó bá jáde.

Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo lè búra.
Ṣùgbọ́n kò yára.
Bí àmì ìdánudúró kan bá ṣáko nínú ìwé rẹ,
á dá ọ padà sí Ìpókíá tí o ti wá,
ìwọ á sì tún wọ ọkọ̀ bọ̀.
"Ìjọba ò ní ojú," bó ṣe máa ń wí nìyẹn, "ìwé ló fi ń ríran."
A máa ń sín in jẹ nídìí máńgòrò, lákòókò oúnjẹ ọ̀sán.

Ọkọ mi kú, fáìlì owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ wà lórí tábìlì yẹn.
Ojú-ìwé kan ló kù. Ojú-ìwé kẹrin.
Owó jáde ní oṣù kejì tí a sin ín.
Ṣóètán fúnra rẹ̀ ló mú ìwé náà wá bá mi ní Adátán,
ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó, kò mu omi.
N ò bi í ní nǹkan kan.
Kí ni mo fẹ́ bi í?

Nígbà tó fẹ̀yìntì, wọ́n fún un ní aago ara ògiri.
Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn àgbà Ìjàyè dé:
"Ìwọ tí o mọ ilé ìjọba bí ẹní mọ yàrá ìyá rẹ̀,
lọ bá wa sọ̀rọ̀ ní Àbújá."
Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun.

Ìdìbò àkọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀.
Alátakò rẹ̀ pín ìrẹsì láti Láfẹ́nwá dé Aké;
òun pín ìwé pélébé, ojú-ìwé mẹ́fà, tinútẹ̀yìn.
Wọ́n fi pọ́n àkàrà.
Lẹ́ẹ̀kejì, igba ìbò ó lé méjìlá ló fi wọlé.
Mo wà nínú igba yẹn, tàbí nínú méjìlá.

Ọdún kan gbáko, kò lanu.
A ń wá orí rẹ̀ tó pá lórí tẹlifíṣàn, láàárín àwọn fìlà.
Wọ́n ní odi la rán lọ sílé aṣòfin.
Àfi ọ̀sán Ọjọ́rú kan,
tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pariwo, "A fara mọ́ ọn! A fara mọ́ ọn!"
ọkùnrin yìí rọra dìde, ó nu awò ojú rẹ̀:
"Ẹ jọ̀ọ́, ojú-ìwé kẹrin dà?"

Ilé pa lọ́lọ́.
Kò sí ojú-ìwé kẹrin lóòótọ́.
Ibẹ̀ ni owó àwọn tó fẹ̀yìntì wà kí wọ́n tó yọ ọ́.
Nínú yàrá mi, èmi nìkan, mo dìde dúró
bí ẹni tó gbé fáìlì lọ́wọ́.

Wọn ò dárí jì í. Sáà kan péré.
Nígbà tí ìbò abẹ́lé dé, wọ́n ní kó mú owó wá,
ó béèrè rìsíìtì.
Ìyẹn náà nìyẹn.
Ẹ̀rọ omi tó gbẹ́ fún Ìjàyè ti dákẹ́, ewúrẹ́ ń sùn nídìí ẹ̀;
àbá òfin rẹ̀ lórí owó ìfẹ̀yìntì ṣì wà lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ kan,
tábìlì ẹlòmíràn, fèrèsé ẹlòmíràn.

Mo lọ kí i lánàá. Ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀,
aago ara ògiri yẹn ń sáré níwájú àsìkò lókè orí rẹ̀.
"Ìyá Mọ́ríyíkẹ́, ṣé fáìlì yẹn ti jáde?"
N ò bi í pé èwo.
Mo ní, "Ó kù díẹ̀, ọ̀gá."
Ó ní kí n jókòó.
Ó bu omi fún mi,
mo mu ún.