Ẹjọ́ Súkírín

Ó kọ́kọ́ ń ṣẹ́jú ni.
Bí mo bá ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá àwọn ọmọ Fútà,
ojú rẹ̀ a ṣú fìrí, a tún là,
ìlà funfun a sáré kọjá bí eku inú àjà.
Mo gbá a létí. Ó gbọ́ fún ọjọ́ méjì.

Lọ́jọ́ kẹta, mo ṣí àwòrán ńlá kan,
òkùnkùn bo gbogbo rẹ̀,
fáànù inú àpótí mí kanlẹ̀, ó dákẹ́,
ó tún gbéra, bí ẹni tó ta gìrì lójú oorun.
Mo ní súkírín yìí ti fọ́jú.
Mo tà á fún onípáǹtí ní ẹgbẹ̀rún méjì,
mo fowó àjọ ra òmíràn.

Tuntun náà ń ṣẹ́jú.

Mo gbé àpótí lé ọ̀kadà, ó di Arákálẹ̀,
ọ̀dọ̀ Olúwatúyì, ṣọ́ọ̀bù tí kò ju ìsọ̀ aránṣọ lọ.
Kò wo súkírín rárá.
"Ṣé ìgbà tíṣẹ́ bá pọ̀ lọ́rùn rẹ̀ ló máa ń ṣe é?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
"Bó bá jókòó lásán ńkọ́?"
Mo ní ojú rẹ̀ a mọ́ kedere.
Ó rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n.
"Ojú kọ́. Ebi ni.
Ebi kì í wọnú kí ojú ó ríran."

Ó ki mita bọ wáyà aláwọ̀ ìyeyè.
Ibi tó yẹ kó ka méjìlá,
ó ka mọ́kànlá, ó yọ̀ sí mẹ́wàá, ó ń gbọ̀n.
Ó tú páwà. Eruku ọyẹ́ ọdún mẹ́ta tú jáde
pẹ̀lú òórùn bí irun tó jó.
Àwọn kapásítọ̀ tò bí ọmọ iléèwé,
mẹ́rin nínú wọn, orí wọn wú bí ẹ̀wà tí a rẹ mọ́jú.

Mo rántí bàbá mi n'Ídànrè,
bó ṣe ń bú ewé kòkó pé ó ń pọ́n,
kó tó walẹ̀, kó bá gbòǹgbò tó ti rà.

Túyì yọ páwà lára èyí tóun fi ń wo bọ́ọ̀lù,
ó so ó mọ́ tèmi. "Ṣí àwòrán ọ̀hún."
Mo ṣí i. Mo ṣí mẹ́wàá lé e.
Kò ṣẹ́jú.

Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún. Mo san ìdajì.
Nígbà tí mo ń padà, mo ní kí ọlọ́kadà gba ọ̀nà Ọ̀dà,
níbi tí àwọn onípáǹtí ń to irin sí.
Mo mọ àpá kan létí rẹ̀, ibi tí ṣíbí ti já lù ú.
Ilẹ̀kùn fíríìjì ni mo rí, àti ikùn tẹlifíṣọ̀n.
Ọmọ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ bi mí pé kí ni mo ń wá.
Mi ò mọ bí mo ṣe máa pè é.