Hóró Aláwọ̀ Aró

Kí ohùn ládàánì tó rọlẹ̀ ní Kúbwa
mo ti nawọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí.
Hóró kan, aláwọ̀ aró,
kò tó èékánná ọmọ ọwọ́.
Mo fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ gbé e mì,
mo jókòó, mo ń dúró kí ọ̀nà là.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ẹ mọ̀.
Ẹ so rọ́bà mọ́ mi lápá, ẹ fún un, ẹ wò ó:
apá á ní àlàáfíà lòun wà.
Kò purọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lókè
kò tíì dé àdúgbò tirẹ̀ ni.
Inú ẹ̀dọ̀fóró ni ọ̀nà ti há,
ibẹ̀ ni ọkàn mi ti ń ti ọkọ̀ tí kò lépo
gun òkè, tọ̀sán tòru, láìgba kọ́bọ̀.

Ọdún méjì ni wọ́n fi pè é ní ásímà.
Wọ́n tún ní eruku ọyẹ́ ni.
Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ọ̀lẹ ni,
pé obìnrin ogójì ọdún wo ló ń jókòó sórí àtẹ̀gùn
bí ẹni ń retí àlejò?
Dókítà Zàínábù, ní Gwagwaládà, ló gbé ẹ̀rọ lé mi láyà.
Ó dákẹ́, ó pẹ́.
Ó ní, “Màmá Ìbùkúnolú, ọ̀lẹ kọ́ o.”
Mo sunkún. Ìdùnnú wà nínú ẹkún náà.

Ẹ wá gbọ́ ẹ̀sín.
Oògùn yìí kan náà ni àwọn ọkùnrin
ń fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ bèèrè ní kẹ́mísì nígbà tílẹ̀ bá ṣú.
Tánímù, ọmọ tó ń bá Okwudílì tajà,
ka ìwé mi, ó wò mí, ó tún wo ìwé,
ó fi ẹ̀rín pamọ́ sẹ́rẹ̀kẹ́ bí ẹni fi súìtì pamọ́.
“Àǹtí, páálí mélòó? Ọ̀gá á gbádùn lálẹ́ òní.”
Àwọn tó tò sẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín.
Ọ̀gá wo? Ọ̀gá ti wà ní itẹ́ òkú Ọ̀fà láti ọdún mẹ́ta.
Mo fẹ́ fèsì. Èémí ò tó èsì í fọ̀.
Nígbà tí èémí fi máa dé, mo ti délé.

Ohun tí ń gbé ẹlòmíì dìde lórí ibùsùn,
òun lèmi fi ń dìde lórí àga.

Iyọ̀ ti di àlejò lọ́bẹ̀ mi.
Oògùn omi ńkọ́? Lọ́jọ́ Gwagwaládà mo máa ń dá a dúró títí n ó fi dé,
nítorí awakọ̀ kì í dúró ní Zúbà torí ìtọ̀ ẹnikẹ́ni.

Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, tí owó rẹ̀ fò bí tata,
mo fi ọ̀bẹ la hóró sí méjì,
mo ní ara ò ní mọ̀.
Ara mọ̀.
Ọjọ́ kẹrin, ẹsẹ̀ mi wú bí búrẹ́dì inú omi,
ètè mi sì gba àwọ̀ oògùn tí mo ń ṣún lò.

Láti fèrèsé mo ń wo àwọn obìnrin Gbagyi
tí wọ́n ń ti ọ̀nà Byazhin bọ̀, igi ìdáná léjìká.
Wọn kì í gbé e lé orí;
wọ́n ní orí ti níṣẹ́ tirẹ̀.
Ẹrù tèmi ò sí lórí, kò sí léjìká,
kò sẹ́ni tó lè bá mi sọ̀ ọ́.

Ní Sátidé, iná lọ, mo jókòó sí àárín àtẹ̀gùn.
Tánímù ń bọ̀ nísàlẹ̀, páálí mi lọ́wọ́ rẹ̀:
mo ti gbàgbé rẹ̀ sórí káńtà.
Ó bá mi níbẹ̀, ẹnu mi là sílẹ̀ bíi ti ẹja.
Kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ mi,
ó ń wo àyà mi tó ń lọ, tó ń bọ̀.
Ó pẹ́ kó tó ní, “Àǹtí, ó ku mélòó?”
Hóró ni mo rò pé ó ń bèèrè.
Àtẹ̀gùn ni.