Ẹnìkan Ẹ̀yìn Páálí

Bàbá mi fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wọn kòkó
ní sítọ̀ àwọn Ṣónẹ́yẹ, ní Òkè-Sópin, Ìjẹ̀bú-Igbó.
Ó mọ àpò tí wọ́n bu omi sí,
ó mọ èyí tí wọ́n ki òkúta sí nídìí,
ó mọ ọmọkùnrin tó ń fi àtàǹpàkò tẹ òṣùwọ̀n
bí ẹni tó ń rọra ti ilẹ̀kùn.
Kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹ jẹ rí
àfi ikùn ara rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ọnàfowókàn ló sọ fún un
pé ìtọ̀ rẹ̀ ti ń pe èèrà.
Ó ní, “Ẹ máa ka ẹ̀yìn páálí, Bàbá,
kí ẹ tó fi ohunkóhun sẹ́nu.”
Òótọ́ ni, a kì í wo ẹ̀yìn.
Iwájú là ń wò: ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín,
màlúù tó dúró nínú koríko
tí n kò rí irú rẹ̀ rí láti ibí dé Ọ̀rù.

Mo fi awò sójú, mo gbé bisikíìtì sún mọ́ iná.
Lẹ́tà wọn kéré bí ẹyin iná orí.
“Ìwọ̀n ẹnìkan: mẹ́ta.”
“Mẹ́ta kí ni? Páálí mẹ́ta?”
“Ẹyọ mẹ́ta ni, Bàbá.”
Ó wo ìka ọwọ́ rẹ̀.
“Ta lẹni náà? Ọmọ ta ni?
Ṣé ó ti roko rí?”

Láti ọjọ́ náà ni Ẹnìkan ti di àlejò wa.
Bí a bá se núdù,
Ẹnìkan á jẹ ìdajì, á ní òun yó.
Bí a bá lu agolo mílíìkì,
Ẹnìkan á bu ṣíbí méjì, á wá ìdérí.
Bàbá ní, “Irú wọn ni kì í láyọ̀.
Bó bá kú sínú yàrá, ta ni yóò mọ̀,
nígbà tẹ́nìkan ò gbọ́ ìró ẹnu rẹ̀ rí?”

Ṣùgbọ́n gàrí kò ní ẹ̀yìn páálí.
Inú ọ̀rá ló ń bá wá sílé,
láti inú kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú.
Ó kan, ó kan dé eyín,
kò sì sọ pé ti ẹnìkan lòun.

Ni Bàbá bá fa òṣùwọ̀n àtijọ́ yọ lábẹ́ ibùsùn,
ó fi kọ́ ẹ̀ka igi ìbẹ́pẹ—
ìbẹ́pẹ dá, ó fi kọ́ ti máńgòrò.
Ó so abọ́ gàrí ọ̀sán rẹ̀ mọ́ ọn.
Ọwọ́ òṣùwọ̀n kò mì.
Ohun tó ti gbé àpò kòkó, kí ló kàn án pẹ̀lú gàrí abọ́ kan?
“Ẹ ò rí i?” ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀,
“n ò tíì jẹ nǹkan kan láti àárọ̀!”

Mo wọlé lọ mú agolo tí Màmá fi ń bu gàrí.
Ìlà kan wà nínú rẹ̀, ìṣó ni wọ́n fi fà á.
Mo ti ń fọ̀ ọ́ láti kékeré, n ò bèèrè rí.
Ẹ̀rín tán lẹ́nu Bàbá.
“Tèmi nìyẹn.
Ọdún tí ẹsẹ̀ mi kọ́kọ́ wú ló fà á.
Mo bá a jà. Mo ní ahun ni.”

Ẹni mẹ́sàn-án ló ń sè fún nígbà náà,
òun nìkan ló mọ ibi tí ti kálukú parí sí.

Bàbá bu gàrí dé ojú ìlà.
Ó fi ìka gé orí rẹ̀ bó ti máa ń gé orí kòkó,
kò fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.
Ó bu omi sí i, ó jókòó, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Lóru, mo gbọ́ ọ̀rá bisikíìtì nínú yàrá rẹ̀.
Mo gbọ́ eyín rẹ̀.
Ọ̀kan.
Èjì.
Ẹ̀ta.
Mo dìde jókòó nínú òkùnkùn,
mò ń retí ẹ̀rin.